Ta Ni Ó Ni Ẹnu-Ibodè? Òwò Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti Ọ̀ràn Ìmúnisìn ní Ilẹ̀ Wa

        

Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe àjọ̀dún lónìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bá ara wọn jiyàn lé lórí fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ: bí ìjọba kan bá ń fi ìwé àdéhùn àti ọkọ̀ ogun ṣe òwò ní ilẹ̀ onílẹ̀, tí ó sì ń búra pé òwò lásán ni òun bá wá, pé òun kò wá gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣé oníṣòwò ni kí a pè é ni, àbí amúnisìn? Ǹ bá lè fi Íńdíà ṣe àpẹẹrẹ, ǹ bá sì lè fi Ṣáínà ṣe é, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi ogun ti oògùn olóró wọ ọjà; ṣùgbọ́n ìlú Ẹ̀pẹ́ ni a wà, ẹni tí ó bá sì wà ní Ẹ̀pẹ́ kò ní láti wá ẹ̀rí lọ sí òkèèrè. Omi ọ̀sà tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni ó gbé Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá síbí nígbà tí àgbá Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851. Omi yìí kan náà ni ó gbé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ síbí ní oṣù May 1892, tí wọ́n gba ibí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Láàárín ọdún méjì wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi wà, n kò sì ní jìnnà sí i púpọ̀.

Ẹjọ́ àwọn tí ó ní kì í ṣe ìmúnisìn

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, kí n tó sọ èrò tèmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ bí ẹni pé èmi gan-an ni lọ́yà tí wọ́n gbà, kí n sì rò ó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ẹnu kan jẹ́jọ́.

Èkíní nínú àwíjàre wọn ni òwò ẹrú. Ní 1807 ni ilé-ìgbìmọ̀ wọn ṣòfin pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ ra ẹrú kí ó sì kó o kọjá òkun mọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Èkó Àkéte jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ọmọ Yorùbá lọ sí Bàhíà àti Kúbà. Ẹ wo Ajàyí ará Òṣoògùn, ẹni tí a mọ̀ lẹ́yìn náà sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajàyí Crowther: wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní 1851, Ajàyí yìí kan náà dúró níwájú Lord Palmerston, mínísítà ọ̀ràn òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì, ó dúró níwájú Ọbabìnrin Victoria, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba Abẹ́òkúta lọ́wọ́ Dáhómì, kí wọ́n sì pa ọjà ẹrú Èkó rẹ́. Ta ni nínú wa tí yóò dìde sọ fún ọkùnrin tí wọ́n ti fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè rí pé ọkọ̀ tí ó gbà á là kò yẹ kí ó wá?

Èkejì ni pé a pè wọ́n. Akítóyè ni ó wà lórí oyè Èkó ní 1841. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ lé e kúrò ní 1845, ó sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó ti ibẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì, ó sì ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò mọ́ nínú òwò náà, fi owó rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìjà ọmọ bàbá ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Àlejò kò fi èjìká fọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ilẹ̀. Èyí kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ní 1865, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ Èkó di tiwọn, ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin wọn jókòó lórí ọ̀ràn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dá a lábàá pé kí ìjọba má ṣe gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́ níbẹ̀, kí wọ́n máa múra láti fi gbogbo ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn onílẹ̀, bóyá àyàfi Sàró, èyí tí à ń pè ní Sierra Leone. Amúnisìn wo ni ó ń gbèrò àtilọ sílé ara rẹ̀?

Ẹ̀kẹrin, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ọba fọwọ́ sí i, ìjòyè fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹjọ́ tí mo rò yìí kì í ṣe ẹjọ́ tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ̀wé tí a máa ń fò ó dá, bí ẹni pé Ajàyí kò gbé ayé rí, bí ẹni pé Akítóyè kò kọ ìwé kankan. N kò gbà pé ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni ni ìyẹn.

Òṣùwọ̀n wo ni a ó fi wọ̀n ọ́n?

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní òṣùwọ̀n tiwọn. Hobson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, kọ ìwé ní 1902 pé àwọn olówó tí kò rí ibi fi owó wọn sí nílé ni wọ́n ń ti ìjọba lẹ́yìn láti lọ gba ilẹ̀ onílẹ̀. Lenin gba ọ̀nà yẹn kọjá lọ sí ibi tí ó ń lọ. Bí a bá tẹ̀ lé wọn, ọ̀ràn Èkó ti 1851 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀, nítorí epo pupa ni wọ́n ń wá nígbà náà, wọn kò wá ibi fi owó pamọ́ sí. Ní 1953 ni Gallagher àti Robinson wá kọ ọ́ pé òwò tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́ gan-an ni ìmúnisìn náà: níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti lè rí ohun tí ó ń fẹ́ láìta àsíá, kò ní ta á, níbi tí kò bá ti lè rí i, yóò ta á. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí sì gbé ọ̀ràn Èkó yìí gan-an yẹ̀ wò nínú Nigeria Magazine ní 1961, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n gba ìlú náà, kò sì gbà pé àánú ẹrú nìkan ni ó gbé àgbá wá.

Òṣùwọ̀n tèmi rọrùn ju ti gbogbo wọn lọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ìyálọ́jà ni mo sì ti yá a. Ní ọjà, bí oníbàárà bá ná ọjà tí iye kò bá dé ojú rẹ̀, ìyá yóò ní, "N kò tà," yóò sì bo igbá rẹ̀. Bí oníbàárà bá bínú lọ, òwò ni wọ́n ń ṣe. Bí ó bá lu ìyá náà, tí ó sì kó o ní ọjà, a mọ orúkọ tí à ń pe ìyẹn. Nítorí náà, n kò ní bi ìjọba kankan léèrè bóyá èrò inú rẹ̀ dára, nítorí Olódùmarè nìkan ni ó mọ inú. N kò ní bi í bóyá ó ta àsíá tàbí kò ta á. Ohun tí n ó máa béèrè ni pé: nígbà tí ẹnì kejì sọ pé òun kò tà, kí ni wọ́n fi ojú rẹ̀ rí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi wọn ọ̀ràn kan tí kì í ṣe ti Yorùbá, kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1884, Ọba Jája ti Òpóbò gbà láti fọwọ́ sí àdéhùn ààbò pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni. Ó ka ìwé náà yékéyéké, ó ní kí wọ́n yọ abala tí ó sọ pé òwò yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì yọ ọ́. Jája ti sọ pé òun kò ta ìyẹn, ìwé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1887, Harry Johnston tí ó ń ṣe kọ́ńsù pè é wá sínú ọkọ̀ ogun pé kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Kò padà sílé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Àkárá, wọ́n dá a lẹ́jọ́, wọ́n lé e lọ sí erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìkọjá òkun, ó sì kú ní 1891 nígbà tí ó ń padà bọ̀.

Èkó, láti àgbá dé àsíá

Ní oṣù November 1851 ni Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ gbógun wọ Èkó, Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni wọ́n tún dé, pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ará Èkó ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti ri òpó mọ́ etí omi, wọ́n sì ní àgbá tiwọn; ìjà náà le dé ibi pé títí di òní, àwọn àgbà Èkó kan ń pè é ní Ogun Àgídìngbì, àwọn mìíràn ń pè é ní Ahóyaya. Ní ọjọ́ kẹta, Kòsọ́kọ́ ti fi ìlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1852, nínú ọkọ̀ ogun Penelope, Akítóyè fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ dákun, ẹ fiyè sí ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i: kì í ṣe ní ààfin, kì í ṣe lábẹ́ igi ọjà, inú ọkọ̀ ogun ni. Ohun tí ó sì wà nínú ìwé náà ju ọ̀rọ̀ ẹrú lọ. Wọ́n ní òwò ẹrú ti parí, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn bọ òrìṣà mọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn jà sí. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé gbogbo ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa ṣòwò fàlàlà ní Èkó, pé Ọba kò gbọdọ̀ fi ọjà kankan fún ẹnì kan ṣoṣo, àti pé bí òwò ẹrú bá tún gbérí, Gẹ̀ẹ́sì lè fi agbára dá a dúró. Wọ́n so ohun tí ó dára mọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹni tí ó bá kọ ọ̀kan ti kọ èkejì. Ní ojú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ìmúnisìn bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àwọn tí ń ka ọdún rẹ̀ láti 1861 ń wo àsíá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé inú Penelope ni Ọba Èkó kò ti lè sọ pé òun kò tà mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ gún ọ̀rọ̀ lásán, kí ó wo ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e. Akítóyè kú ní 1853. Kọ́ńsù Benjamin Campbell wà nídìí bí wọ́n ṣe yára fi ọmọ rẹ̀, Dòsùnmú, jọba. Tinúbú, tí ó fi owó rẹ̀ gbé Akítóyè, bá Campbell àti àwọn oníṣòwò tí ó ti Sàró bọ̀ figa gbága nínú òwò, wọ́n sì lé e kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ní 1856. Kò sí àsíá Gẹ̀ẹ́sì kankan lórí òpó ààfin ní gbogbo àkókò yìí.

Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ àsíá náà wàyí, ẹni tí ó ń ṣe kọ́ńsù fìdí-hẹ ni William McCoskry, oníṣòwò epo pupa tí àwọn ará Èkó ń pè ní Apọ́ngbọ̀n nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ tí ó pọ́n. Orúkọ náà kò sì tíì kúrò lára àdúgbò tí ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ìdúmọ̀tà ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹ wò ó bí ó ti rí: oníṣòwò ni, òun náà sì ni ìjọba. Òun àti Bedingfield, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Prometheus, pe Dòsùnmú wá sínú ọkọ̀ ní òpin oṣù July 1861, wọ́n ní kí ó gbé ìlú rẹ̀ fún Ọbabìnrin. Ó ní òun yóò bá àwọn ìjòyè òun sọ̀rọ̀. Àwọn ìjòyè ní kò ṣeé ṣe. Ọkọ̀ ogun sún mọ́ ààfin. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù August, Dòsùnmú àti ìjòyè díẹ̀ fa àmì wọn sí ìwé, wọ́n ta àsíá, wọ́n sì mú àwọn ọmọ ilé-ìwé mísọ́nnárì wá láti kọ orin Ọbabìnrin. Dòsùnmú kò jẹ́ kí ó pẹ́ tí ó fi ṣàròyé ránṣẹ́ sí ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n epo ti dànù sí yanrìn.

Owó tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ó fi ohun tí wọ́n ń wá hàn. Kí àsíá tó dé, Dòsùnmú ni ó ń gba owó-orí lórí epo tí ó ń jáde ní èbúté. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bu ọ̀kẹ́ owó ẹyọ 1,200 fún un lọ́dún, Gómìnà sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó èbúté náà. Ní 1863, wọ́n gba Páámà àti Lẹ́kí lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́ tí wọ́n ti gbà padà sí Èkó, wọ́n gba Àgbádárìgì náà, nítorí àwọn oníṣòwò ti ń fi ibẹ̀ sá fún owó kọ́sítọ́ọ̀mù Èkó. Lórí owó yìí, pàápàá èyí tí wọ́n ń gbà lórí ọtí òyìnbó, ni ìjọba Èkó jókòó lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ń lọ sí Ìjẹ̀bú.

Ẹnu-ibodè Ìjẹ̀bú

Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ti ní òfin òwò tirẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó mọ ọ̀nà ọ̀sà. Ará òkè kò gbọdọ̀ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí etí omi, ará etí omi kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ lọ sí òkè. Obìnrin tí ó ru epo láti ìhà Ìbàdàn, tí ó ti ń rìn láti àfẹ̀mọ́jú, tí epo ti ń kán sí i lórí òṣùká, yóò dé ẹnu-ibodè, yóò sọ ẹrù kalẹ̀. Oníbodè yóò wo akèrègbè rẹ̀, yóò ka iye rẹ̀, yóò gba owó ẹyọ tí ó tọ́ sí i kí ó tó jẹ́ kí ó wọ ọjà ààlà. Níbẹ̀ ni alárọ́bọ̀ Ìjẹ̀bú yóò ti ra epo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ní iye tí alárọ́bọ̀ fẹ́, nítorí obìnrin náà kò lè ru epo padà sí Ìbàdàn. Alárọ́bọ̀ yóò wá kó o lọ sí Èjìnrìn, tàbí Ìkòròdú, tàbí Ẹ̀pẹ́ wa yìí, yóò tà á fún àwọn ará Èkó, yóò sì ra iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù tí yóò lọ tà fún ará òkè, tòun ti èrè orí rẹ̀. Bí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú bá bínú sí ìjọba kan, wọn a ti ọ̀nà pa, ọjà Èkó a sì dá wáí.

Kí n sọ òtítọ́: òfin yìí kò ṣojúure sí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Bí mo bá jẹ́ obìnrin elépo yẹn, ǹ bá máa ṣépè fún oníbodè láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn ni, ẹnu-ibodè wọn ni. Ohun tí Gómìnà ń ṣe ní èbúté Èkó gan-an ni wọ́n ń ṣe ní tiwọn. Gómìnà ń pe ti Èkó ní owó ìjọba, ó ń pe ti Ìjẹ̀bú ní ìdènà òwò.

Ní oṣù May 1891, Denton, tí ó ń delé fún Gómìnà, gbéra lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Haúsá láti lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà. Ó kó ẹ̀bùn dání. Awùjalẹ̀ Túnwàṣẹ kò gba ẹ̀bùn náà, àwọn Ìjẹ̀bú kò sì ṣí ọ̀nà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ọgbọ̀n ọdún ni Ìjẹ̀bú ti ń wo Èkó lókèèrè, wọ́n sì ti mọ ohun tí ẹ̀bùn Gẹ̀ẹ́sì máa ń bí. Àwọn ará ìjọba Èkó sọ pé ìwọ̀sí ni wọ́n fi lọ aṣojú Ọbabìnrin, wọ́n sì ní kí Ìjẹ̀bú wá tọrọ àforíjì.

Ní January 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú dé Èkó, níwájú Gómìnà Gilbert Carter. Ìjọba Èkó ní kí Ìjẹ̀bú fagi lé owó ibodè, kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn, Gómìnà yóò sì máa san £500 fún Awùjalẹ̀ lọ́dún. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ìfọwọ́síwèé, àwọn aṣojú náà kò fọwọ́ kan kálámù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń gbé Èkó ni ó bá wọn fọwọ́ sí i. Mo ti ronú lé èyí púpọ̀. Ó lè jẹ́ pé àìmọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó mọ ìṣirò òwò tó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàì mọ bí a ti ń fa àmì sí ìwé bí Dòsùnmú ti fà á. Ní tèmi, ọ̀nà àgbà ni wọ́n fi sọ pé àwọn kò tà. Nígbà tí wọ́n dá mísọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà ní kò pẹ́ kò jìnnà, Carter ní àdéhùn ti bàjẹ́.

Ìyókù wà lẹ́nu àwọn àgbà ìlú yìí ju bí ó ti wà nínú ìwé lọ. Àwọn ọmọ ogun tí Scott, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó wá, Haúsá láti Èkó àti Gold Coast, pẹ̀lú ọmọ ogun láti erékùṣù West Indies, gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú dúró dè wọ́n ní odò Yemọjí, ní Ìmagbọ̀n, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù May, wọ́n sì jà bí akọ. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í mú ìbọn Maxim. Ní ọjọ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbá gbọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ní January 1893. Ìbàdàn fà á sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i ní August. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń sọ pé ìwé ni gbogbo rẹ̀ ka ìwé méjèèjì wọ̀nyí mọ́ Ìmagbọ̀n, nítorí Ìmagbọ̀n ni kálámù tí wọ́n fi kọ wọ́n.

Ó sì tún ku èyí tí kò dùn ún sọ: obìnrin elépo láti Ìbàdàn yọ̀. Ọ̀nà ṣí, ó ru epo rẹ̀ dé Èjìnrìn fúnra rẹ̀, èrè rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Bí a bá ní kí a bo èyí mọ́lẹ̀, a ò sọ ìtàn. Ìmúnisìn lè ṣe ẹnì kan lóore, kí ó má sì ṣàì jẹ́ ìmúnisìn.

Òṣùwọ̀n náà lọ́wọ́ àwa fúnra wa

Òṣùwọ̀n tí a kò bá lè fi wọn ara wa, ká jù ú nù. Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú lẹ́yìn ìlú ní Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ ìlú, wọ́n sì ń fi ara ni àwọn onílé. Nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, tí ó pa ajẹ́lẹ̀, ogun Kírìjí tí ó gbà tó ọdún mẹ́rìndínlógún ni èsì rẹ̀. Ará Èkìtì kan tí ó bá bi mí bóyá ìmúnisìn ni Ìbàdàn ṣe, n ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì ní yí ohùn mi padà nítorí pé ọmọ Yorùbá ni Ìbàdàn.

Ní August 2019, Nàìjíríà ti ẹnu-ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa nítorí ìrẹsì fàyàwọ́, kò sì tún ṣí ẹnu-ibodè Sẹ̀mẹ̀ títí di December 2020. Àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́ àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, àti àwọn àgbẹ̀ tí ń kó ọ̀pẹ̀ òyìnbó wá tà fún wa, jìyà rẹ̀ gidigidi. Àwọn kan ní Kútọnu ń pè é ní ìjẹgàba. N kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹnu-ibodè ara wa ni a tì, a kò fi àgbá ṣí ti ẹlòmíràn. Ó rorò, ó sì rú májẹ̀mú tí a bá àwọn ará ECOWAS dá, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó tọ́ sí i ni ìrorò.

Ibi tí òṣùwọ̀n mi ti ń mì ni ọ̀ràn àdéhùn òwò tí ìlú òyìnbó Yúróòpù gbé ka iwájú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà ní òun kò tíì lè fọwọ́ sí i nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ òun, ọkọ̀ ogun kankan kò sì wá. Nípa bẹ́ẹ̀, òwò ni. Ṣùgbọ́n Gánà àti Ivory Coast fọwọ́ sí ti tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, owó-orí tuntun yóò bọ́ sórí ẹrù tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Wọ́n lè sọ pé àwọn kò tà. Kí ni wọn ì bá jẹ bí wọ́n bá sọ ọ́? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀yin ni mo fi èyí sílẹ̀ fún láti jiyàn lé lórí, ẹ má sì jẹ́ kí olùkọ́ yín tètè dá yín lẹ́kun.

  Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí mo jẹ nínú iṣẹ́ wọn: Àlùfáà Samuel Johnson, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayandele, gbogbo wọn ti lọ, Ọlọ́run kí ó dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n jókòó tì mí lánàá, tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ Ìmagbọ̀n ṣe fún mi níbi tí ìwé ti kù káàtó.